Ojú Èèyàn Ẹni Tí Ọkàn Kò Lè Yà Mọ́

Ẹ̀rù kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé kiri láìsọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á di ojú wọn, wọ́n á fẹ́ rí ojú ìyá wọn tó ti kú, tàbí ti ọmọ wọn tó wà lókè òkun, òkùnkùn nìkan ni wọn yóò rí. Wọ́n mọ̀ pé ìyá náà pupa, pé ó kọ àbàjà, pé ó ní èjí láàárín eyín iwájú, ṣùgbọ́n ojú náà kò ní í wá. Ohun tó ń dùn wọ́n jù ni èrò pé bóyá ìfẹ́ wọn ni kò jinlẹ̀ tó, nítorí ẹni tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ dénú kò yẹ kó gbàgbé ojú rẹ̀. Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ni mo torí wọn kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Ohun tí àwọn oníṣègùn àti àwọn onímọ̀ ọpọlọ ti kó jọ láti nǹkan bí 140 ọdún sẹ́yìn kò dá ìfẹ́ wọn lẹ́bi rárá. Mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹni tó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi lè jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ìtàn tó lókìkí jù lórí ọ̀rọ̀ náà wá láti ìlú Paris. Ní ọdún 1883, dókítà kan tó ń jẹ́ Bernard tẹ ìròyìn aláìsàn kan jáde, ẹni tí Jean-Martin Charcot, àgbà oníṣègùn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn Salpêtrière, ti yẹ̀ wò. Wọn kò dárúkọ ọkùnrin náà; Ọ̀gbẹ́ni X ni wọ́n pè é. Oníṣòwò ni, ó kàwé, ó gbọ́ èdè púpọ̀, iyè rẹ̀ sì mú. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì dá, bó bá fẹ́ ka ohun tó ti mọ̀ sórí, ojú ìwé náà ni yóò hàn sí i lọ́kàn, ìlà dé ìlà. Lẹ́yìn náà ni wàhálà òwò dé bá a. Kò róorun sùn, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Lójijì, ó rí i pé nǹkan ti yí padà. Kò sí àwòrán lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ó mọ̀ pé irun ìyàwó òun dúdú, ó lè fẹnu sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò lè rí irun náà, kò lè rí ìyàwó, kò lè rí àwọn ọmọ. Ìlú tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ di tuntun sí i nígbàkigbà tó bá tún wọ̀ ọ́. Kódà àlá rẹ̀ yàtọ̀: ọ̀rọ̀ ló kù nínú wọn, àwòrán ti lọ. Lọ́jọ́ kan, ní gbàgede kan, ó rí ẹnì kan tó dínà mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ onítọ̀hún. Dígí ló wà níwájú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀.

Ohun méjì ló kọ lu Ọ̀gbẹ́ni X, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú. Èkíní ni pé kò lè fi ojú inú rí ẹni tí kò sí níwájú rẹ̀. Èkejì ni pé ó ṣòro fún un láti dá ojú mọ̀ nígbà tí ojú náà wà níwájú rẹ̀ gan-an. Èkejì yìí ni dókítà ará Jámánì kan, Joachim Bodamer, fún ní orúkọ tirẹ̀ ní ọdún 1947, prosopagnosia. Ẹni tó ní i lè pàdé ọmọ ìyá rẹ̀ lọ́jà kó kọjá lọ, àfi bí ọmọ ìyá náà bá sọ̀rọ̀ tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohun méjèèjì lè bá èèyàn kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan lè wà láìsí èkejì. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí kò lè fi ojú inú rí ìyá wọn ló jẹ́ pé bí ìyá náà bá yọ láàárín ẹgbẹ̀rún èèyàn, wọ́n á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ojú náà wà nínú ọpọlọ wọn ní ibì kan. Ọ̀nà láti pè é jáde ni kò sí.

Ẹni tó jẹ́ kí a mọ ìyẹn dájú ni ọkùnrin kan ní Scotland tí àwọn onímọ̀ pè ní MX. Ẹni ọdún 65 ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìwọ̀nlẹ̀ àti àyẹ̀wò ilé. Títí di ìgbà náà, ojú inú rẹ̀ lágbára gan-an. Bó bá dùbúlẹ̀ lóru tí oorun kò tíì kùn ún, ó máa ń fi àwòrán àwọn èèyàn rẹ̀ àti àwọn ibi tó ti dé gbádùn ara rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un láti la òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn rẹ̀ tó dí. Láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó di ojú, kò rí nǹkan kan. Adam Zeman, oníṣègùn ọpọlọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú Sergio Della Sala ní Edinburgh, yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2010. Gbogbo ìdánwò ìrántí ló yege. Bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè nípa bí ohun kan ṣe rí, ó ń dáhùn bó ṣe yẹ. Bí wọ́n bá ní báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n, á ní òun kàn mọ̀ ọ́n ni. Wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ. Nígbà tí wọ́n fi ojú àwọn olókìkí èèyàn hàn án, ọpọlọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ bíi ti gbogbo èèyàn. Nígbà tí wọ́n dárúkọ wọn nìkan tí wọ́n ní kó fojú inú wò wọ́n, ẹ̀yìn ọpọlọ, níbi tí ìríran ń gbé, kò jí tó ti àwọn yòókù. Iwájú ọpọlọ, níbi tí ìrònú ń gbé, ló ń ṣe wàhálà kiri.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí MX, nítorí òun ni ìdáhùn tó lágbára jù sí ìbẹ̀rù tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin yìí kò pàdánù àwọn èèyàn rẹ̀, kò pàdánù ìmọ̀ nípa wọn, kò pàdánù ọ̀wọ̀ tàbí ìfẹ́ wọn. Àṣà alẹ́ rẹ̀ kan ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó fi ń pe àwọn èèyàn rẹ̀ wá sọ́dọ̀ kó tó sùn. Àdánù gidi ni, ó sì tọ́ kí a ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó sọnù lára rẹ̀ mọ níwọ̀nba.

Nígbà tí ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà gbé ìtàn MX jáde, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí Zeman pé bẹ́ẹ̀ làwọn náà ṣe rí, àmọ́ pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí àwọn ni. Wọn kò fojú inú rí ojú ẹnikẹ́ni rí láyé wọn. Mọ́kànlélógún nínú wọn ni Zeman kọ́kọ́ kọ nípa wọn ní ọdún 2015, ìgbà náà ló sì fún ipò yìí lórúkọ tó ń jẹ́ títí dòní, aphantasia, tó mú láti inú èdè Gíríìkì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé àwọn yàtọ̀ títí wọ́n fi dàgbà. Bí èèyàn bá ní, “mò ń rí i lọ́kàn mi,” wọ́n rò pé àsọdùn ẹnu lásán ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Kánádà kan nínú wọn sọ pé ìgbà tí ìyá òun kú ni ọ̀rọ̀ náà wá dun òun wọra: òun lè ka gbogbo ohun tí àwọn jọ ṣe lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n òun kò lè rí àwòrán ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Zeman. Ní ọdún 1880, Francis Galton, ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nínú èyí tó ti ní kí àwọn èèyàn ro tábìlì oúnjẹ òwúrọ̀ wọn, kí wọ́n sọ bó ṣe hàn sí wọn tó. Ó yà á lẹ́nu pé púpọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé tó kọ́kọ́ bi sọ pé àwọn kò rí nǹkan kan, pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Galton yìí kan náà ló dá ẹ̀kọ́ ṣíṣa irú-ọmọ èèyàn sílẹ̀, ẹ̀kọ́ tó ṣe aráyé ní ibi tó pọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tábìlì rẹ̀ tọ̀nà, ó sì bani nínú jẹ́ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, díẹ̀ ni àwọn tó tún bìkítà láti bi í.

Ní ọdún 1973, David Marks, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá, ṣe ìwé ìdánwò oníbéèrè 16 tí wọ́n ṣì ń lò káàkiri ayé. Ojú èèyàn ẹni ló fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ lè dán an wò níbi tí ẹ jókòó sí. Ẹ ro ẹnì kan tí ẹ máa ń rí déédéé, tí kò sí lọ́dọ̀ yín báyìí. Ṣé ojú rẹ̀, orí rẹ̀ àti èjìká rẹ̀ hàn sí yín? Ṣé ẹ rí bó ṣe máa ń gbé orí, bó ṣe máa ń dúró? Ṣé ẹ rí bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀? Ṣé ẹ rí àwọ̀ aṣọ tó sábà máa ń wọ̀? Àwọn kan á ní ó hàn gbangba bí ìgbà tó bá dúró níwájú àwọn. Àwọn kan á ní ó ń hàn fírífírí. Àwọn mìíràn á ní àwọn mọ̀ pé àwọn ń ro onítọ̀hún, ṣùgbọ́n kò sí àwòrán. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2022 fi hàn pé bí èèyàn 4 nínú 100 ni àwòrán ọkàn wọn kò sí tàbí tó rẹlẹ̀ gan-an, àti pé àwọn tí kò ní i rárá kò tó 1 nínú 100. Bí ìṣirò yẹn bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, nínú ìjọ tí 500 èèyàn pé sí, nǹkan bí 20 ló ń gbàdúrà fún òbí wọn tó wà lókèèrè láìrí ojú wọn lọ́kàn dáadáa.

Aphantasia máa ń rìn nínú ẹbí. Bí ìdajì àwọn tó ní i kì í gbọ́ ohùn, òórùn tàbí adùn lọ́kàn pẹ̀lú, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń lá àlá tó ní àwòrán, èyí tó fi hàn pé ọpọlọ wọn mọ àwòrán í yà nígbà tí wọn kò bá pàṣẹ fún un. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń tọ́mọ, wọ́n ń là. Ed Catmull, tó darí ilé iṣẹ́ Pixar fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé iṣẹ́ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju àwòrán lọ, sọ fún gbogbo ayé pé òun kì í rí àwòrán lọ́kàn. Zeman fúnra rẹ̀ kì í pe ti àwọn tí wọ́n bí mọ́ ọn ní àìsàn; ó ní ọ̀nà kan ni lára àwọn ọ̀nà tí ọpọlọ èèyàn gbà yàtọ̀ síra. Mo fara mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe pé ọkàn irú àwọn bẹ́ẹ̀ tutù ni? Ìbéèrè yìí ni àwọn ẹbí máa ń bi, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìkà. Àwọn onímọ̀ ní Sydney, ní Ọsirélíà, lábẹ́ Joel Pearson, dáhùn rẹ̀ ní ọdún 2021. Wọ́n mú àwọn èèyàn jókòó sínú yàrá tó ṣókùnkùn, wọ́n ní kí wọ́n máa ka ìtàn tó ń dẹ́rù bani, wọ́n sì ń wọn òógùn ara wọn. Òógùn àwọn tó ń rí àwòrán lọ́kàn ń pọ̀ sí i bí ìtàn ṣe ń le. Ti àwọn tí kò ní àwòrán ọkàn dúró sójú kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi àwòrán gidi tó ń bani lẹ́rù han àwọn méjèèjì, ara wọn sì gbọ̀n bákan náà. Ọ̀rọ̀ nìkan kò mú ẹ̀rù dé ara wọn, àwòrán tí ojú rí mú un dé. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ fún àwa tí a ní èèyàn tó jìnnà sí wa ni pé ẹni tí kò ní àwòrán lọ́kàn lè ní in lọ́wọ́. Fọ́tò ìyá kan nínú àpò ń ṣe fún un ní iṣẹ́ tí ojú inú ń ṣe fún ẹlòmíràn. Bí ẹ bá rí ẹnì kan tó ń yẹ fọ́tò òkú rẹ̀ wò lemọ́lemọ́, ẹ má sọ fún un pé kó gbé e sọ́nù kó lè gbàgbé.

Wilma Bainbridge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Chicago ṣe ohun mìíràn: wọ́n ní kí àwọn èèyàn wo fọ́tò yàrá, kí wọ́n sì yà á láti inú ìrántí. Àwọn tí kò ní àwòrán ọkàn ya nǹkan díẹ̀, àwọ̀ kò pọ̀ níbẹ̀, wọ́n tún ń kọ ọ̀rọ̀ sí ibi tí àwòrán yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n fi àga àti fèrèsé sí tọ̀nà, wọn kì í sì í ṣèèṣì fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un tó bí àwọn yòókù ṣe ń fi kún un.

Ní ti àwọn tó ti ní àwòrán ọkàn rí tó wá sọ ọ́ nù, ọ̀nà pọ̀. Rọpárọsẹ̀ lè fà á, ìpalára sí orí lè fà á. Paolo Bartolomeo, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà Salpêtrière kan náà tí Charcot ti ṣiṣẹ́, ti fi ọ̀pọ̀ aláìsàn ṣàlàyé pé kì í ṣe ibi tí ojú kọ́kọ́ ń kó ìríran sí lẹ́yìn ọpọlọ ló ṣe pàtàkì jù níbí. Ibi kan ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ lápá òsì ni. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà lè bo ojú inú. Jules Cotard, ará Faransé, kọ ìwé lórí ìyẹn ní ọdún 1884, ọdún kan péré lẹ́yìn ìròyìn Ọ̀gbẹ́ni X. Ẹni tí ìbànújẹ́ ti wọ̀ lára lè sọ pé òun kò rí ojú àwọn ọmọ òun lọ́kàn mọ́, kó sì gbà pé òun ti di òkú ààyè. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò ìbáwí, ìtọ́jú ló nílò.

Ìbànújẹ́ lásán, tí kò tíì di àìsàn, náà tó láti bo ojú inú. C. S. Lewis, òǹkọ̀wé Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, pàdánù ìyàwó rẹ̀, Joy Davidman, ní ọdún 1960. Ìwé kékeré tó kọ nípa ọ̀fọ̀ náà jáde ní 1961, orúkọ mìíràn ló sì kọ sára rẹ̀. Ó ráhùn níbẹ̀ pé òun kò lè rí ojú ìyàwó òun dáadáa lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ojú àjèjì tí òun rí lẹ́ẹ̀kan péré ń hàn kedere. Àlàyé tó ṣe fún un ṣì dára lójú mi ju ti ọ̀pọ̀ onímọ̀ lọ. Ó ní ẹni tí a mọ̀ jù, a ti rí i ní ìgbà tó ń rẹ́rìn-ín, ní ìgbà tó ń sunkún, tó ń sùn, tó ń jẹun, nínú oòrùn, nínú àtùpà, tó fi jẹ́ pé gbogbo ojú wọ̀nyí ń rọ́ lura, wọ́n ń pa ara wọn rẹ́. Ẹni tí a rí lẹ́ẹ̀kan, ojú kan ṣoṣo ló ní. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìfararora ló ń ba àwòrán náà jẹ́, kì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́. Lewis tún ṣàkíyèsí pé ohùn ìyàwó òun ṣì ń hàn sí òun. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún èmi pẹ̀lú ìyá ìyá mi. Ojú rẹ̀ ti parẹ́ mọ́ mi lọ́kàn, fọ́tò kan tí wọ́n yà á níbi ìgbéyàwó ló jókòó sí àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ń pe orúkọ mi láti ẹ̀yìnkùlé, tó ń fa ìparí rẹ̀ gùn, mo ń gbọ́ ọ.

Fọ́tò tó jókòó sí àyè ojú yìí kì í ṣe tèmi nìkan. John Hull, olùkọ́ni àgbà ní Yunifásítì Birmingham, fọ́ lójú pátápátá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó sì kọ ìwé kan nípa rẹ̀ tó jáde ní 1990. Ìwé yẹn kò fún mi ní ìsinmi nígbà tí mo kà á. Ó ṣàpèjúwe bí ojú àwọn èèyàn ṣe ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ lọ́kàn òun. Nígbà tó bá gbìyànjú láti rí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, fọ́tò tó ti rí nígbà tó ríran ló ń wá, kì í ṣe àwọn fúnra wọn. Nígbà tó yá, fọ́tò náà tún lọ, ojú tirẹ̀ pàápàá lọ. Hull jà, ó sunkún, lẹ́yìn náà ló wá gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí gbé ayé, ó sì sọ pé òjò tó ń rọ̀ sórí ọgbà ń jẹ́ kí òun mọ bí gbogbo ibẹ̀ ṣe rí, nítorí ìró rẹ̀ lórí ewé yàtọ̀ sí ti orí kọ́ńkéré.

Zoltan Torey tọ ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1951, ní Ọsirélíà, ásíìdì dà sí i lójú níbi iṣẹ́, ẹni ọdún 21 ni nígbà náà. Wọ́n gbà á nímọ̀ràn pé kó fi àwòrán ọkàn sílẹ̀, kó fara mọ́ etí àti ọwọ́. Ó kọ̀. Ó ń fi ojúmọ́ gbogbo kọ́ ojú inú rẹ̀, ó ń kọ́ ilé, ẹ̀rọ àti èèyàn sí ọkàn rẹ̀, títí agbára náà fi lé kọjá ti ìgbà tó ríran. Òun nìkan ló gun òrùlé ilé rẹ̀ tó pààrọ̀ gọ́tà rẹ̀, lóru, ẹ̀rù sì ba àwọn aládùúgbò tó rí i nínú òkùnkùn. Oliver Sacks, oníṣègùn ọpọlọ tó gbé ọkùnrin méjèèjì yìí yẹ̀ wò pọ̀, kò rí ọ̀nà kan tó lè fi sọ pé ọ̀kan ṣe dáadáa ju èkejì lọ. Ìfọ́jú kan náà, ọkàn méjì. Nígbà ayé rẹ̀, Sacks tìkára rẹ̀ kì í rí àwòrán lọ́kàn, kì í sì í dá ojú mọ̀ dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n wá yí padà sílé, nítorí mo gbà pé àwọn baba ńlá wa ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí kí Galton tó jẹun òwúrọ̀ rẹ̀. Wọn kò fi ojú inú nìkan rántí èèyàn wọn. Egúngún tó bá jáde, ará ọ̀run ni, baba ẹnì kan ni, síbẹ̀ kò sí ojú níbẹ̀ tí èèyàn lè rí. Aṣọ ló bò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ọmọ mọ baba rẹ̀ nípa orúkọ, nípa ijó, nípa oríkì tí wọ́n ń kì fún un. Karin Barber, tó gbé ní Òkukù fún ọdún mélòó kan láti kọ́ nípa oríkì, tó sì kọ ìwé ńlá lórí rẹ̀ ní 1991, ṣàlàyé pé bí obìnrin bá ń ki òkú ìdílé, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà ní ìjókòó ni. Nínú oríkì, ìrìn baba wà níbẹ̀, gíga rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, ìwà rẹ̀, ìjà tó jà, gbèsè tó jẹ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lè ya ojú lè mọ gbogbo ìyẹn sórí, kó sì sunkún bí wọ́n bá ń kì í.

Níbi tí wọ́n sì ti fẹ́ ojú, wọ́n gbé e sí ìta ara. Ní Ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́, àṣà kan wà tó ń jẹ́ àkó. Bí ẹni ńlá bá kú tí wọ́n ti sin ín, àwọn ọmọ rẹ̀ lè ṣe ìsìnkú kejì fún un. Wọ́n á gbẹ́ ère tó tó èèyàn, wọ́n á wọ aṣọ òkú náà fún un, wọ́n á sì gbé e yí ìlú ká. Ère wa yòókù kì í sábà jọ ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n Rowland Abíọ́dún, nínú ohun tó kọ ní 1976, jẹ́ kó yé wa pé ti àkó gbọ́dọ̀ jọ olóògbé. Ìbejì tó bá kú náà ní ère tirẹ̀. Nígbà tí kámẹ́rà dé, àwọn ìdílé kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò dípò ère ìbejì. Marilyn Houlberg àti Stephen Sprague, àwọn ará Amẹ́ríkà, kọ nípa rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú kí wọ́n tó ya fọ́tò rẹ̀, onífọ́tò á ya èyí tó wà láàyè, á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì sì jẹ́ obìnrin, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún alààyè, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ ti obìnrin fún un. Ojú ẹni tó wà láyé ni wọ́n fi rí ti ẹni tó lọ. Kò sí ìwádìí ọpọlọ kankan tó wọ̀ mí lára tó ohun tí àwọn onífọ́tò wa ṣe yẹn. Kàlẹ́ńdà òkú tó kún pálọ̀ wa lónìí, tí àwọn kan ń pè ní àṣejù, inú ìlà kan náà ló ti wá.

Àwọn kan ń polówó eré ìdárayá ọkàn, wọ́n ń sọ pé àwọn lè fi í dá àwòrán padà fún ẹni tí wọ́n bí láìní in. Kò tíì sí ìtọ́jú kan tí àwọn onímọ̀ fọwọ́ sí fún ìyẹn, n kò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni náwó lé e lórí. Ti ẹni tó ní i tẹ́lẹ̀ tó sì lọ lójijì yàtọ̀ pátápátá. Bí àwòrán ọkàn yín bá parẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn ìjàǹbá, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, pẹ̀lú orí fífọ́, ojú tó ń ṣú tàbí apá tó ń kú, ẹ má jókòó sílé máa gbààwẹ̀ lé e lórí. Ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà, nítorí rọpárọsẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá sì jẹ́ pé ìbànújẹ́ ló gbé e wá, tí oorun kò wá, tí oúnjẹ kò dùn mọ́, ẹ sọ ìyẹn náà fún dókítà bí ẹ ṣe ń sọ ibà.

Ẹ̀yin tí ojú ìyá yín kò wá bí ẹ ti ń pè é tó, ẹ dẹ́kun fífi ìyẹn wọn ìfẹ́ yín. Bí àwọn òbí yín bá ṣì wà láyé, ẹ yà wọ́n ní fọ́tò níbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ wọn, kì í ṣe níbi àríyá nìkan. Ẹ kọ orúkọ, ọdún àti ibi tí wọ́n wà sí ẹ̀yìn fọ́tò náà. Ẹ má pa ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp rẹ́. Ẹ sì bẹ ìyá yín kó kì yín lórí fóònù lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo àbúrò yín.